Ẹni Tí Wọ́n Ń Pè Ní Nẹ́tíwọ̀kì

Bí ẹ bá dé àdúgbò wa, láàárín Agege sí Ọgbà níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ ti fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn, tí ẹ bá pariwo "Nẹ́tíwọ̀kì," ọkùnrin kan máa kiwọ́ bàpò, á yọ fóònù. Ẹ má rò pé ó ń ta káàdì ìpè. Kò ta káàdì rí láyé ẹ̀. Làsísì ni orúkọ tí bàbá ẹ̀ sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ. Nẹ́tíwọ̀kì ni orúkọ tí àdúgbò sọ ọ́, àdúgbò ò sì pa àgbò kankan fún un. Ẹ̀rín ni wọ́n fi sọ ọ́.

Ilé kan náà lèmi àti ẹ̀ jọ ń gbé, ògiri kan ló là wá láàárín. Èmi ni Ìyá Túnmiṣe tó ń ta bísíkíìtì fífọ́ lẹ́nu géètì àwọn ilé iṣẹ́. Èyí tó bá ṣẹ́, èyí tó bá rún, tí wọn ò lè kó sínú páálí, èmi ni mò ń rà á lápòlápò, màá wá máa wọ̀n ọ́n fún ẹni tí kò lágbára èyí tó pé. Torí náà mo mọ ẹni tí ebi ń pa, mo sì mọ ẹni tó ń díbọ́n. Làsísì kì í díbọ́n. Àbúrò mi ló jẹ́ lọ́jọ́ orí, mi ò ní pọ́n ọn lé ju bó ṣe yẹ lọ, mi ò sì ní tẹ́ ẹ.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ló ń bá ṣiṣẹ́ l'Ọgbà. Ẹ̀rọ yẹn máa ń ké bí ẹran tí wọ́n ń dúńbú tí kò tètè kú. Ilé iṣẹ́ ní nǹkan tí wọ́n fi ń dí etí, àmọ́ ìgbà tí àlejò ìjọba bá ń bọ̀ wá wo ibẹ̀ ni wọ́n máa ń pín in. Tí àlejò bá ti wọ mọ́tò, ọ̀gá á ní kí kálukú dá tiẹ̀ padà sínú ike. Bí ẹ̀rọ ṣe jẹ etí Làsísì nìyẹn, bí èkúté ṣe ń jẹ àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni tó sùn, tó ń jẹ ẹ́ tó ń fẹ́ ẹ. Ẹ kí i pé "Ẹ kú iṣẹ́," ó lè ní "Rárá o, mo ti jẹun." A máa ń rẹ́rìn-ín. Òun náà á bá wa rín in, torí ó rò pé a ti gbọ́ ara wa yé.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Tóyọ̀sí. Ìyá ọmọ kó ẹrù ẹ̀ lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó kí ọmọ tó mọ̀ ọ́n rìn. Ó ní òun ò lè máa fi igbe bá ọkọ sọ̀rọ̀ lórí ẹní. Làsísì ló tọ́ ọmọ. Òun ló ń fọṣọ ẹ̀, òun ló ń dì í nírun. Ẹ wo irun yẹn, àfi bí ẹni tó já bọ́ lórí ọ̀kadà. Tóyọ̀sí á gbé e lọ sílé ìwé bẹ́ẹ̀, wọ́n á fi ṣe yẹ̀yẹ́, á fi ojú pípọ́n délé, kò sì jẹ́ sọ fún bàbá ẹ̀ láé. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé tí òun bá sọ, bàbá òun ò ní gbọ́. Tó bá sì wá gbọ́, inú ẹ̀ á bàjẹ́.

Nígbà tó dàgbà, ó ní òun ń lọ ṣiṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ nílẹ̀ Lárúbáwá. Mo pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Tóyọ̀sí, ṣé o gbọ́ ohun tí ojú àwọn ọmọ wa ń rí níbẹ̀?"

"Mo gbọ́, mà. Ẹ̀yin náà, ṣé ẹ rí ohun tí ojú bàbá mi ń rí níbí?"



Ọmọ yẹn gbọ́n ju bàbá ẹ̀ lọ, ó gbọ́n ju èmi náà. Ẹnì kan tó ti lọ tó sì ti dé ló là á lójú: ìyá ilé tí wọ́n bá fi ẹ́ sí máa gba fóònù lọ́wọ́ ẹ lọ́jọ́ tó o bá débẹ̀. Fóònù ilé á wà lórí tábìlì, àmọ́ wọ́n á ti dí i, kò ní lè pe Nàìjíríà. Amẹ́ríkà ni wọn kì í dí, torí ibẹ̀ làwọn ọmọ tiwọn ti ń kàwé. Tóyọ̀sí wá lọ háyà nọ́ńbà Amẹ́ríkà kan lórí ìntánẹ́ẹ̀tì. Kò ní síìmù, ẹ ò lè fọwọ́ kàn án; ẹ ó kàn máa san háyà ẹ̀ lọ́dọọdún bí ẹni san háyà yàrá. Ó gbé e sínú fóònù bàbá ẹ̀. Ẹni tó bá pe Amẹ́ríkà yẹn, Agege ló máa dún.

Ó kọ́ nọ́ńbà náà sórí bí ọmọ kéwú ṣe ń kọ́ Fátíhà. Ó ń fọ abọ́, ó ń kà á. Ó ń pọn omi, ó ń kà á. Èmi náà fẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n tán kó tó lọ.

Ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń pè, tí àwọn onílé ẹ̀ bá ti lọ kírun. Làsísì ti mọ̀. Tó bá ti kírun tiẹ̀ tán, á sáré wálé, á lọ dúró lẹ́bàá ṣaláńgá, torí ibẹ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ̀kì ti máa ń dáa nínú ọgbà wa. Á wá tẹ̀ ẹ́ kí ohùn jáde síta, torí etí. Gbogbo ilé la jọ máa ń gbọ́ ọ.

"Bàbá mi."

"Tóyọ̀sí. Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun."

"Kí lo jẹ?"

"Ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀. Etí yín ńkọ́?"

"Iná ti dé."

Àwọn tó ń fọṣọ á ti ṣubú lé ara wọn fún ẹ̀rín. Tóyọ̀sí náà á rín in lọ́hùn-ún, ẹ̀rín kékeré bí ẹni tó fọwọ́ bo ẹnu. Mo máa ń dúró dé ẹ̀rín yẹn. Mo máa ń sọ pé, ó dáa, ọmọ ṣì lè rẹ́rìn-ín.

Ìgbà tó pè kẹ́yìn, kò rín in. Ọdún tí owó náírà tuntun dá wàhálà sílẹ̀ ni. Ohùn ẹ̀ wálẹ̀ gan-an. Ó ní, "Bàbá, wọ́n fẹ́ gbé mi fún ilé míì. Wọ́n ní olórí kunkun ni mí. Ìlú míì ni, mi ò mọ orúkọ ẹ̀. Tí mo bá ti débẹ̀, màá gbọ́ orúkọ ìlú, màá pè yín, kẹ́ ẹ lè sọ fún àwọn tó ń kó ọmọ wa bọ̀ wálé pé ibi tí mo wà nìyí. Tí ẹ ò bá mọ ìlú, wọn ò ní lè rí mi. Bàbá, ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà yẹn kú."

Làsísì ní, "Ta ló kú?"

"Nọ́ńbà. Ẹ má jẹ́ kó kú."

Èmi ni mo lọ pariwo ẹ̀ sí i létí. Nígbà tó fi máa yé e, ẹnì kan ti ń bú Tóyọ̀sí lẹ́yìn ní èdè Lárúbáwá, fóònù sì ti já.

Kò pẹ́ sígbà yẹn, iṣẹ́ kan wọlé sórí fóònù Làsísì, èdè òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́. Ó wọ ṣòkòtò Jímọ̀ ẹ̀, ó gbé e lọ sí báńkì kan ní Opebi. Ọmọbìnrin tó wà lórí àga níbẹ̀ kà á fún un. Ó ní ọdún nọ́ńbà yín ti fẹ́ pé, Bàbá. Tẹ́ ẹ bá san háyà, tiyín ni. Tẹ́ ò bá san, wọ́n á gbé e fún ẹlòmíì.

Làsísì yọ káàdì. Ó ní kí wọ́n yọ ọ́ níbẹ̀.

Ọmọ yẹn ní káàdì náírà ò ra nǹkan òkèèrè mọ́. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rẹ ohùn ẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ dárúkọ àrùn. Ó ní, "Ẹ lọ wá ẹni tó ń ta krípítò, àmọ́ ẹ má sọ pé báńkì ló rán yín o." Ó rẹ ohùn ẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí etí ẹ̀ di. Ó tún un sọ títí tí gbogbo báńkì fi gbọ́.

Ẹni tó ń ta á ládùúgbò wa ni Quadri. Àgbàlagbà ọmọ ni, ó ti níyàwó, bàtà ọmọdé ló ń tà l'Ọgbà. Bàtà ló wà níwájú ṣọ́ọ̀bù. Dọ́là orí ìntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní krípítò ló ń tà lẹ́yìn. Báńkì máa ń ti àkáǹtì ẹni tí wọ́n bá ká krípítò mọ́ lọ́wọ́, torí náà kò sẹ́ni tó ń kọ ọ́ sára ògiri. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sanwó fún Quadri, ẹ ò gbọdọ̀ kọ ohun tẹ́ ẹ rà gan-an. Bàtà lẹ máa kọ. Àwọn ọmọ Ìlúpéjú tó ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, àwọn tó ń san owó ẹ̀kọ́ orí ìntánẹ́ẹ̀tì, bàtà ni gbogbo wọn ń rà. Ẹni tí kò bá mọ̀, á rò pé ẹsẹ̀ ọmọ wọn pọ̀.

Làsísì ní kí n tẹ̀lé òun lọ ṣe etí fún òun.

"Ẹ káàbọ̀, sà," ni Quadri wí. "Ìyá Bísíkíìtì, ẹ ò mú tèmi dání."

Mo ní, "Ẹnu tó ń jẹ ṣàwámà, kí ló fẹ́ fi àfọ́kù ṣe?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọlọ́yàyà ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó gba fóònù Làsísì, ó ṣí ojú ibi tí wọ́n ti ń sanwó, ó mú àdírẹ́sì tó wà níbẹ̀ sórí fóònù tiẹ̀. Làsísì ti lọ sọ́dọ̀ oní-POS, ó ti sanwó, wọ́n ti kọ bàtà. Ó ku kí Quadri fi ránṣẹ́.

Ó ní, "Bàbá, nẹ́tíwọ̀kì wo?"

"Ẹ̀n?"

"Nẹ́tíwọ̀kì. Nẹ́tíwọ̀kì wo ni?"

Làsísì jókòó dáadáa. Ìyẹn yé e. Inú ẹ̀ dùn pé ohun tóun mọ̀ ni wọ́n bi òun.

"Airtel," ló wí.

Quadri wò ó. Ó wò mí. "Airtel, Bàbá?"

"Airtel ni. Ó sì dáa gan-an. Tí mo bá ti dúró lẹ́bàá ṣaláńgá, á kún dẹ́nu."

Quadri dorí kodò sáàárín bàtà. Ẹ̀rín pa á débi pé kò dún mọ́, èjìká ẹ̀ ló kàn ń mì. Ó pe àwọn ṣọ́ọ̀bù tó kù. "Ẹ wá, ẹ wá gbọ́. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ. Nẹ́tíwọ̀kì wo lẹ fẹ́ fi ra krípítò?" Làsísì fẹ́ràn kó máa ran èèyàn lọ́wọ́. Ó tún un sọ. Ó tiẹ̀ fi kún un pé Airtel òun ti pẹ́ lọ́wọ́ òun, òun ò pààrọ̀ ẹ̀ rí. Wọ́n lu ara wọn lẹ́yìn. Ẹnì kan jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ohun tí Quadri ń béèrè ni ọ̀nà tí owó máa gbà. Owó orí ìntánẹ́ẹ̀tì yìí, ọ̀nà ẹ̀ pọ̀, nẹ́tíwọ̀kì sì lorúkọ tí wọ́n ń pe ọ̀nà yẹn. Èmi náà ò mọ̀ nígbà yẹn. Èyí tí àwọn òyìnbó tó ni nọ́ńbà yẹn fẹ́ wà lórí fóònù Làsísì, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ àdírẹ́sì ní lẹ́tà wẹ́wẹ́. Quadri mọ̀wé. Ká ní ó fi ìka kan ti ojú fóònù sókè báyìí, á ti rí i. Ẹ̀rín ò jẹ́. Ó ń fọwọ́ kan nu omi ojú, ó ń fi èkejì tẹ fóònù. Ọ̀nà tó sábà máa ń gbà, tí kì í jẹ owó púpọ̀, ló tẹ̀.

Ó ní, "Ó ti lọ, Bàbá. Airtel ti gbé e." Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti orí.

Làsísì dìde, ó gbọ́wọ́ méjèèjì sókè, ó ṣàdúà fún un. Ó ní, "Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹ̀rín tán lẹ́nu ẹ."

Ọlọ́run gbọ́ àdúà yẹn kíákíá.

Ojúmọ́ mọ́, nọ́ńbà ò tíì gba ọdún tuntun. Iṣẹ́ tó ń wọlé sórí fóònù ṣì ń sọ pé kí wọ́n san. Làsísì lọ bá Quadri. Quadri ní, "Ẹ lọ sinmi, Bàbá, ó máa wọlé. Nẹ́tíwọ̀kì ni." Àwọn tó wà níbẹ̀ rín in. Ó tún lọ. "Ẹ fara balẹ̀." Wọ́n tún rín in. Mo rò pé Quadri ò wo nǹkan kan ní gbogbo ìgbà yẹn. Ó kàn fẹ́ kó máa wá ni. Tí Làsísì bá ti yọ lọ́ọ̀ọ́kán, àwọn oníṣọ́ọ̀bù á ti máa tún ìjókòó wọn ṣe.

Ó lọ bẹ́ẹ̀ títí, lọ́jọ́ kan ó jí, ó wo fóònù, nọ́ńbà ò sí níbẹ̀ mọ́. Ibi tó máa ń wà, òfìfo.

Mo tẹ̀lé e lọ. Mo ní, "Quadri, gbé ojú ẹ sórí fóònù ẹ, kí n rí i."

Ó wò ó. Ó ní, "Àdírẹ́sì ò ṣì. Ọ̀nà ló ṣì."

"Kí nìyẹn túmọ̀ sí?"

"Ìyá, ká ní òpópónà kan wà l'Ọgbà tó ń jẹ́ Adésànyà, òmíì tún wà l'Agege tó ń jẹ́ Adésànyà. Ilé kejìlá wà níbí, ilé kejìlá wà lọ́hùn-ún. Ọgbà làwọn òyìnbó yẹn ti ń dúró de owó. Agege ni mo gbé e lọ. Mo ti já a sílẹ̀ sílé kejìlá."

"Kí wọ́n lọ mú un l'Agege."

"Wọn ò ní kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀."

"Wá san òmíì."

"Kí n san án fún ta ni? Nọ́ńbà ti lọ, Ìyá. Wọ́n ti háyà ẹ̀ fún ẹlòmíì." Ó wo Làsísì. "Mo sì bi yín, Bàbá. Mo bi yín pé nẹ́tíwọ̀kì wo. Ẹ dá mi lóhùn."

Làsísì ní, "Mo dá ẹ lóhùn."

"Ṣé ẹ rí i báyìí."

A gbé e lọ sọ́dọ̀ Bàbá Sànní. Àwọn ló ni ilẹ̀ tí ṣọ́ọ̀bù Quadri wà lórí ẹ̀, àwọn baba wọn ló ni Ọgbà kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ ilé iṣẹ́ síbẹ̀, ẹjọ́ tí wọ́n bá dá, wọ́n ti dá a. Wọ́n nà sórí àga, wọ́n ní kí Làsísì wí.

Làsísì wí. Ó ń pariwo bó ṣe máa ń ṣe, Bàbá Sànní ní kó má fi igbe bá àwọn sọ̀rọ̀ nínú ilé àwọn.

"Kí lo rà lọ́wọ́ ẹ̀?"

"Mo ra háyà nọ́ńbà ọmọ mi."

"Ìwé ìsanwó dà?"

Làsísì mú ìwé tí oní-POS fún un jáde. Bàbá Sànní gbé e jìnnà sójú, wọ́n kà á. Wọ́n ní, "Bàtà."

Mo ní, "Bàbá, ẹ̀yin náà mọ̀ pé bàtà kọ́."

"Mo mọ ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀." Wọ́n mọ̀. Háyà ṣọ́ọ̀bù Quadri ni wọ́n fi lọ Mẹ́kà lọ́dún tó kọjá, báwo ni wọn ò ṣe ní mọ̀. Wọ́n yíjú sí Làsísì. "Bàtà lo rà. Ṣé ó ti gbé bàtà fún ẹ?"

"Rárá, sà."

"Quadri, gbé bàtà fún un. Kí ẹ̀tọ́ má lọ sílẹ̀."

Quadri kọ́kọ́ rò pé wọ́n ń ṣàwàdà. Nígbà tó rí i pé wọn ò ṣàwàdà, ó lọ mú bàtà kan wá, ti ọmọbìnrin kékeré, aláwọ̀ pínkì, irú èyí tó máa ń tan iná lábẹ́ tí ọmọ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó gbé e lé Làsísì lọ́wọ́ níwájú gbogbo wa. Bàbá Sànní ní kó dúpẹ́. Ó dúpẹ́.

Lójú ọ̀nà, mo ní kó sọ nǹkan yẹn sí gọ́tà. Kò gbọ́, tàbí kó gbọ́. Ó ní irú bàtà yìí ni Tóyọ̀sí sunkún fún nígbà tó wà ní kékeré, tí òun ò rí i rà fún un. Ó gbọ̀n ọ́n, ó tan iná. Ó tún gbọ̀n ọ́n.

Ọ̀rọ̀ wá dé ilé iṣẹ́. Mi ò mọ ẹni tó gbé e débẹ̀, àmọ́ ẹni tó gbé e ò jẹ́ kó dà lọ́nà. Ọ̀gá wọn kan wà níbẹ̀, Ṣẹ́gunfúnmi, òun ló sọ ọ́ di orin. Tí ẹ̀rọ bá ń ké, Ṣẹ́gunfúnmi á dúró ní ìpẹ̀kun ibẹ̀, á ní, "Nẹ́tíwọ̀kì wo?" Gbogbo wọn á ní, "Airtel." Ẹ mọ ohun tó dùn mọ́ wọn jù? Làsísì ò gbọ́ gbogbo ẹ̀. Nẹ́tíwọ̀kì nìkan ló máa ń gbọ́. Ó rò pé wọ́n ń sọ fún òun pé ó ti dé. Á fi ẹ̀rọ sílẹ̀, á yọ fóònù, á máa gbé e sókè síbí, á gbé e sọ́hùn-ún, á máa wojú ẹ̀ bóyá nọ́ńbà ti padà sí ààyè ẹ̀. Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí ọ̀rá á fi lẹ̀ mọ́ra lórí ẹ̀rọ, wọ́n á sì yọ ọ́ nínú owó Làsísì.

Ó tibẹ̀ dé títì. Àwọn oní-kẹ̀kẹ́ ń pè é bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń wọ mọ́tò ilé iṣẹ́ lọ sí Ìlúpéjú láàárọ̀ á yọrí lójú fèrèsé, wọ́n á ní, "Nẹ́tíwọ̀kì." Á yọ ọ́. Mọ́tò á kọjá.

Ó sú mi. Mo gbé àpò bísíkíìtì mi, mo gbé àpótí ìjókòó mi, mo lọ kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà Quadri. Ẹni tó bá ti ń bọ̀ wá ra bàtà, màá kí i dáadáa, màá ní, "Ẹ rọra o. Ẹni tó bá fẹ́ bàtà níbí á gba dọ́là, ẹni tó bá fẹ́ dọ́là á gba bàtà." Wọ́n á yà síbòmíì.

Quadri jáde. "Ìyá, kí ni mo ṣe yín báyìí?"

"Èmi kọ́ lo ṣe. Pe nọ́ńbà yẹn."

"Ọwọ́ ẹlòmíì ló wà."

"Mo gbọ́. Pe ẹlòmíì. Sọ fún un pé tí ọmọbìnrin kan bá pè é, kó ní ìlú wo lo wà. Ìyẹn nìkan. O ò ní kú."

Ó wò mí, ó wo àwọn oníbàárà tó ń yà lọ. Ó ní kí n lọ pe Làsísì wá. Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ ni, Làsísì ti kírun tán, ó ti wà lẹ́bàá ṣaláńgá. Bàtà ló gbé dání nígbà tó dé, ó ní bóyá Quadri fẹ́ gbà á padà.

Èmi ni mo ka nọ́ńbà náà lórí. Tóyọ̀sí ló kọ́ mi láìmọ̀. Ó dún lọ́hùn-ún, ọkùnrin kan gbé e. Òyìnbó ló ń sọ, ohùn ẹ̀ le. Quadri dá a lóhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ṣàlàyé. Ọkùnrin yẹn wá sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Mo ń wo ojú Quadri. Ẹ̀rín tí Làsísì ṣàdúà pé kó má tán lẹ́nu ẹ̀, mo rí ibi tó ti tán.

Mo ní, "Kí ló sọ?"

"Ó ní àtìgbà tí òun ti gba nọ́ńbà yìí, ọmọbìnrin kan ń pe òun lọ́jọ́ Jímọ̀. Ó máa ń sunkún. Òun ò gbọ́ èdè ẹ̀. Bàbá nìkan lòun dá mọ̀ níbẹ̀, òun sì rò pé oníjìbìtì ni. Òun bú u. Ó tún pè. Òun tún bú u."

"Ó wá ńkọ́?"

"Ó ní ìgbà tó pè kẹ́yìn, kò sunkún. Ó rọra ń sọ nǹkan kan, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ó ń tún un sọ, ó ń tún un sọ, bí orúkọ ìlú. Ìgbà yẹn lòun dí i, kó má lè pe òun mọ́."

"Bi í pé orúkọ ìlú wo."

"Mo ti bi í, Ìyá. Ó ní òun ò rántí."

Ọkùnrin yẹn ti pa fóònù. Quadri tún un pè, kò wọlé. Ó tún un pè. Ó ti dí àwa náà.

Làsísì ti ń wojú wa láti ìgbà yẹn. "Kí ló ní? Kí ló ní?"

Quadri wojú ilẹ̀. Ó kù mí kù. Irú ọ̀rọ̀ yẹn, etí lèèyàn máa ń rọra sọ ọ́ sí, àmọ́ etí Làsísì ò gba ohun tí wọ́n bá rọra sọ. Mo di èjìká ẹ̀ mú, mo pariwo ẹ̀ lójú títì, kí gbogbo Ọgbà gbọ́.

"Tóyọ̀sí ń pè."

Ojú ẹ̀ là. "Ó ń pè?"

"Ó ń pè."

"Ó wà láyé." Ó rẹ́rìn-ín. Ó dì mọ́ Quadri, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, bàtà yẹn ń tan iná lẹ́yìn Quadri bó ṣe ń gbá a mọ́ra. "Ó sọ ibi tó wà?"

"Ó sọ ọ́."

"Níbo?"

"Ó sọ ọ́, Làsísì. Ẹni tó sọ ọ́ fún ló ti gbàgbé."

Mo ní láti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kó tó gbọ́.

Ẹ̀rín dáwọ́ dúró l'Ọgbà fúngbà díẹ̀. Ṣẹ́gunfúnmi gan-an ò kọrin ẹ̀. Àmọ́ àwọn tuntun ń wọ ilé iṣẹ́ lójoojúmọ́, wọn ò mọ ìdí, orúkọ nìkan ni wọ́n bá níbẹ̀, orúkọ yẹn sì dùn lẹ́nu. Ó ti padà. Wọ́n pè é lánàá níṣojú mi, ó yọ fóònù, ó wò ó, ó dá a padà sápò.

Mo ní, "Làsísì, ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n ń fi ẹ́ ṣe. O sì mọ̀."

Ó ní, "Mo mọ̀, Ìyá Túnmiṣe. Tí wọ́n bá wá ń sọ òótọ́ lọ́jọ́ kan ńkọ́?"

Ohun tí mi ò lè sọ fún un, torí mi ò lè pariwo ẹ̀, ni ohun tí ọmọ yẹn á máa rò lọ́hùn-ún. Ọmọ tí kò sọ fún bàbá ẹ̀ pé irun yẹn ò dáa. Á máa rò pé bàbá òun ló jẹ́ kí nọ́ńbà yẹn kú, tó fi bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń bú òun.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, tí wọ́n bá ti kírun tán, ẹ wá sí ọgbà wa. Ẹ ó bá a lẹ́bàá ṣaláńgá, pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, ó nà án sókè díẹ̀. Nẹ́tíwọ̀kì ibẹ̀ ṣì dáa gan-an. Ó máa ń kún dẹ́nu.